Ojú Kan tí Màmá Mi Fi Ń Máàkì Ìwé

Òórùn kókó tí wọ́n sá sórí ẹní ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá ti yà sí àdúgbò wa ní ìlú Oǹdó. Kì í ṣe òórùn dídùn, kì í sì í ṣe òórùn burúkú. Ó kan díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí n ó fi padà dé Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, aládùúgbò wa ti sá tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wa gan-an, mo ní láti ká yẹ̀rì mi sókè kí n tó lè fò ó kọjá. Màmá mi jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́ àti òkìtì ìwé àwọn ọmọ àdúgbò níwájú. Ìjọba ti ní kí wọ́n lọ sinmi, ṣùgbọ́n wọn ò gbà fún ìjọba. Gbogbo ọmọ tó bá ń gbé nítòsí wa ló ń mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá kí wọ́n bá a máàkì í, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ dáadáa, ó yẹ kí n sọ irú tíṣà tí wọ́n jẹ́ fún ọ. Àwọn ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé nítorí pé ọmọ tíṣà ni mí, ọ̀fẹ́ ni mo ń gba máàkì. Irọ́ gbáà. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, wọ́n á kọ "Ó dáa" sábẹ́ rẹ̀. Bí èmi bá gba mẹ́sàn-án, wọ́n á kọ "Ó lè ṣe jù báyìí lọ." Ọdún kan gbáko ni mo lò ní kíláàsì yẹn, mi ò rí "Ó dáa" kan ṣoṣo. Mo ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà ní Àkúrẹ́, mo ti ń buwọ́ lùwé fún àwọn ọkùnrin tó dàgbà jù mí lọ, síbẹ̀, nígbà mìíràn tí mo bá parí iṣẹ́ kan tí mo sì ń wò ó, ó máa ń ṣe mí bíi pé gbólóhùn yẹn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. O lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọkọ mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò tètè gbójú sókè bí ìṣe wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo mú ọ̀kan nínú ìwé tí wọ́n ti máàkì. Ìṣirò ni, ọmọ náà sì kọ ọ́ ní méjì méjì sórí ìlà. Gbogbo èyí tó wà lápá òsì ni wọ́n ti máàkì, ó gbà tàbí ó kùnà. Èyí tó wà lápá ọ̀tún wà níbẹ̀ gedegbe, bírò ò kàn án. Mo ṣí ojú ewé kejì, bákan náà. Mo mú ìwé ọmọ mìíràn, bákan náà.

"Màmá, ṣé ẹ ò rí ìyókù ni?"

"Ìyókù èwo?"

Wọ́n fi ìka wá ojú ewé náà kiri. Nígbà tó yá ni wọ́n tó jẹ́wọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí nǹkan ti ń kọ mànà nínú ojú ọ̀tún wọn, tí àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ ń fò kiri níbẹ̀ bí eérú tí atẹ́gùn gbé. Láti àná, ó dà bíi pé ẹnì kan ń fa kọ́tìnnì bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti apá ọ̀tún. Wọn ò pè mí nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn lọ́fíìsì, wọ́n sì rò pé ó máa lọ fúnra rẹ̀.

Ojú ọ̀tún yẹn nìkan ló kù wọ́n. Tòsì ti lọ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, mo sì mọ ọwọ́ tí mo ní nínú bó ṣe lọ. Báyìí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, pẹ̀lú mànàmáná àti kọ́tìnnì, èmi ọlọ́gbọ́n ayé sì lọ bá oníkẹ́místì, ó ta oògùn ojú fún mi, mo sì ń kán an sí wọn lójú fún oṣù méjì. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó ti pẹ́ jù. Màmá mi ò bá mi wí nítorí rẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ká ní wọ́n pariwo lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n parí ìwé tó kù. Mo di aṣọ wọn sínú báàgì, mo kó wọn sínú ọkọ̀ mi, ó di Àkúrẹ́. Nǹkan méjì péré ni wọ́n ní kí n bá wọn mú dání: Bíbélì wọn, àti agogo ọwọ́ tí ilé ìwé wọn fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi agogo ṣe nílé ìwòsàn. Wọ́n ní bí ojú ò bá ní ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ọwọ́ rí nǹkan pe èèyàn.

Dókítà ojú tí a bá níbẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi iná wo inú ojú Màmá títí, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn. Ó ní awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ojú nínú lọ́hùn-ún, òun ló ń gba àwòrán ohun tí a bá ń wò. Awọ náà ti ya, omi ti gba ibẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń ṣí kúrò lára ògiri tó lẹ̀ mọ́. Bó bá ṣí tán, ojú lọ nìyẹn. Òun máa wọ inú ojú náà lọ, òun máa fa ohun tó ń yọ̀ bíi funfun ẹyin tó wà níbẹ̀ jáde, òun máa tẹ́ awọ náà padà, òun máa fi iná lésà lẹ etí ibi tó ya, lẹ́yìn náà òun máa fi epo kan tí wọ́n ń pè ní sílíkóònù kún inú ojú náà, kó lè di awọ náà mú mọ́ ògiri títí yóò fi jinná.

"Epo wo nìyẹn?" ni Màmá wí.

"Kì í ṣe epo jíjẹ, Mà. Ó mọ́ bí omi, ó ki bí oyin. Ara kì í mu ún. Ibi tí mo bá fi sí ni yóò wà títí n ó fi fà á jáde."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi omi sí i?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní omi yóò tún gba ojú ibi tó ya wọlé, epo kì í gba ibẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà tí àwọn máa ń lò fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó tán nínú ojú, ibi tó ya nínú ojú Màmá sì pọ̀, ó ń fẹ́ ohun tí yóò dúró pẹ́. Kò fi èyí tó burú pa mọ́ fún wọn. Wọn ò ní ríran kedere nígbà tí epo bá ṣì wà nínú ojú. Epo lè jẹ́ kí funfun bo ẹyinjú. Ó lè jẹ́ kí ojú le koko nínú, kí agbára tó ń tì í látinú pọ̀ jù, ìyẹn sì lè pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ó lè fọ́ wẹ́wẹ́ kó máa fò kiri nínú ojú. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan láti fà á jáde.

"Ṣé n ó tún lè máàkì ìwé?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún yín, Mà. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé n ó sa gbogbo ipá mi."

"Ìdáhùn ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí, wọ́n sì yí sí mi. "Èyí tó bá ṣèlérí ni ká sá fún."

Ó ku ohun kan. Dókítà ní epo máa ń léfòó ni, òkè ló máa ń lọ, ẹ̀yìn ojú ni àwọn sì fẹ́ kó tẹ̀. Nítorí náà, Màmá ní láti máa dojú délẹ̀, kí ẹ̀yìn ojú wọn lè di òkè, àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi mẹ́wàá sinmi, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Èmi ni mo mí kanlẹ̀. Màmá ní tiwọn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní pírẹ́ọ̀dù ilé ìwé nìyẹn, ó kàn gùn díẹ̀, àwọn sì ti ṣe é fún ọdún márùndínlógójì.

Dókítà mú ìwé kan jáde tí wọ́n tẹ ìlànà sí ní Yorùbá, ó ní òun máa kà á fún wa. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún, ọ̀gá mi ni, mo bá jáde sí kọ́rídọ̀ lọ sọ̀rọ̀ nípa fáìlì kan tí mi ò tiẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ lónìí. Nígbà tí mo padà, Màmá ń tún ohun tó kà sọ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tí wọ́n ní kó dìde dúró ní kíláàsì. Mo gba ìwé náà, mo ká a, mo sọ ọ́ sínú báàgì.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ilé mi tó wà ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni a ti ṣe ọjọ́ mẹ́wàá náà. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo ti tábìlì ìjẹun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo wé aṣọ ìnura nípọn bí òṣùká, mo gbé e lé ìrọ̀rí. Ibẹ̀ ni Màmá ń gbé iwájú orí lé, tí imú wọn sì wà láàárín ihò rẹ̀ kí wọ́n lè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, wọ́n ní kí n lọ ra ìwé kíkọ kan kí n sì fa ìlà sí i, ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wákàtí lókè. Rẹ́jísítà ni. Bí àádọ́ta ìṣẹ́jú bá pé, n ó mi agogo, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á rìn yí pálọ̀ ká, n ó kán oògùn sí wọn lójú, n ó sì fi bírò pupa sààmì sínú ìwé. Bí mẹ́wàá bá pé, agogo á tún dún, orí á tún padà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo pẹ́ lu agogo ní ìṣẹ́jú mẹ́ta nítorí pé mò ń ro ọbẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pẹ́.

Má rò pé ó rọrùn. Ọrùn wọn wú, ojú wọn wú, itọ́ ń dà sórí aṣọ ìnura, gbogbo pálọ̀ mi ń rùn fún ìpara tí mo fi ń fọwọ́ ra wọ́n léjìká. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ nǹkan lábẹ́ ẹnu, mo rò pé àdúrà ni. Mo rọra súnmọ́ wọn. Orúkọ ni wọ́n ń pè, orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ́, ọdún kan tẹ̀lé èkejì, bí wọ́n ṣe tò sínú rẹ́jísítà nígbà náà. Bí pírẹ́ọ̀dù bá ti ń gùn jù fún wọn, kíláàsì kan ni wọ́n máa ń pè tán kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo wà ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ orúkọ tèmi láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Mo dáhùn látibẹ̀ pé, "Mo wà, Mà." Nígbà tí mo yọjú, èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín.

Àwọn èèyàn wá kí wọn láti Oǹdó, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wọn, àwọn tíṣà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n kọ́. Gbogbo wọn ló ń dúró de agogo. Ìyá ẹgbẹ́ fẹ́ gbé wọn lórí sókè láàárín pírẹ́ọ̀dù láti gbọ́wọ́ lé wọn níwájú orí, Màmá sì ní kó gbé e lé ìpàkọ́, Ọlọ́run rí ibẹ̀ náà. Lákọ̀ọ́kọ́ ojú ń tì mí, pé àgbà ń wọlé, Màmá mi ò gbójú sókè wò wọ́n. Àfìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé kan wọlé, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tí Màmá kọ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀, ó nà tán, ojú rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ tábìlì gẹ́ẹ́ níbi tí ojú Màmá ń wò. Lójú tó kún fún epo yẹn, ohun gbogbo dà bí ìgbà tí èèyàn lajú nínú omi, ṣùgbọ́n wọ́n rí i.

"Ìwọ tí o máa ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé," ni wọ́n wí. "O ti hu irùngbọ̀n."

Ọkùnrin náà wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń ṣèdájọ́ àwọn àlejò: ẹni tó bá kí àwọn dáadáa, àwọn rí ojú rẹ̀, ẹni tó bá kàn tẹ orí ba díẹ̀, bàtà rẹ̀ nìkan ni àwọn rí. Mi ò rò pé ibì kan wà tó rọrùn fún ẹni tó dojú délẹ̀ tó ilẹ̀ wa. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn bí mo ṣe ń wo ìyá mi níbi tí wọ́n dorí kodò sí, tí àwọn èèyàn ńláńlá ń dùbúlẹ̀ kí wọ́n lè rí wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ wa ti wọ̀ mí lára, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé ó ku ọ̀la. Láàárọ̀, wọn ò jẹ ẹ̀kọ tí mo gbé síwájú wọn. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí yìí, bí orí bá ti fọ́ èèyàn, tí èébì sì tẹ̀ lé e, a kì í béèrè mọ́, ibà ni. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lára, kò gbóná, mo ní ibà abẹ́nú ni. Mo sáré lọ bá oníkẹ́místì tó wà ní oríta wa. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí, ó sì fún mi ní oògùn ibà àti ti ẹ̀fọ́rí, ó ní kí n rí i pé wọ́n jẹun díẹ̀ sí i. Mo padà dé, mo bu omi sínú ife, mo to oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wọn ò gbà á. "Éè ṣe ibà," ni wọ́n wí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí díẹ̀. Láti kékeré mi, Yorùbá inú ìwé ni Màmá fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi èdè Oǹdó ilé wa sọ̀rọ̀ sí mi, nǹkan ti dé ojú ẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì. Orí ń fọ́ yín, ẹ sì ń bì. Kí ló tún lè jẹ́?"

"Ibà ti ń ṣe mí kí n tó bí ọ. Mo mọ ibi tó máa ń gbà wọlé, oríkèé ló máa ń kọ́kọ́ mú. Inú ojú ni èyí ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lù kìkì. Ìwé tí dókítà fún ọ dà?"

Mi ò mọ ibi tó wà. Mo tú dúrọ́ọ̀, mo tú orí fíríìjì, ìsàlẹ̀ báàgì ọfíìsì mi ni mo ti rí i, bí mo ṣe ká a lọ́jọ́ náà ló ṣì wà. Mi ò ṣí i rí. Màmá ní kí n kà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kà á, ojú mi ń fò kọjá láti wá ibi tó kàn wá.

"Má fo ìlà. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ìka mi lórí ìlà, èmi obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ìlà karùn-ún ni mo ti bá a: "Bí orí bá ń fọ́ yín lápá ojú tí a ṣe, tí ojú náà ń ro yín gan-an, tí ẹ sì ń bì, ẹ má ṣe rò pé ibà ni. Ẹ má jókòó ti oògùn ibà. Ẹ padà wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú." Mo wo oògùn tó wà lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ti kọjá, ojú òsì ti lọ, èmi náà tún ni mo dúró ti ìyá mi pẹ̀lú nǹkan tí mo rà lọ́wọ́ oníkẹ́místì. Ojú tì mí. Mo gbé ife náà sílẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n dojú dé òṣùká wọn, mo sì ń wakọ̀ lọ sínú Àkúrẹ́. Títì dá, gbogbo èèyàn ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin ń jáde láti ọ̀tún àti òsì. Ìrora náà ti pọ̀, wọ́n ní kí n máa bá àwọn sọ̀rọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni orúkọ àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kẹrin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n bí wọ́n ṣe tò. Bí mo bá fo ẹnì kan, Màmá á kùn látẹ̀yìn, wọ́n á sọ orúkọ ẹni náà, n ó padà pè é. Báyìí ni a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ẹ̀rọ wọn agbára inú ojú náà, ó wo ohun tó rí, ó sì tún un wọ̀n. Ó lọ pe dókítà. Ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, kò tiẹ̀ jókòó. Wọ́n fa omi oògùn sí Màmá lára, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú wọn tọ̀ ṣáá, wọ́n ń kán oògùn lé oògùn sí ojú náà. Ó ní díẹ̀ nínú epo ti yọ́ wá sí iwájú ojú, ó dí ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde. Kí ọjọ́ tó kanrí, ó ti ṣe iṣẹ́ kékeré kan láti la ọ̀nà fún omi náà. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, tí mi ò mọ̀ bóyá ojú kan tó kù ti lọ tàbí kò lọ. Mo gbàdúrà, mo sì ń bínú sí ara mi, méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Nígbà tí dókítà jáde, ó ní agbára náà ti wálẹ̀, iṣan ojú náà ṣì wà láàyè. Ó ní ká ní a fi di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ó mú mi wọlé sọ́dọ̀ Màmá, ó ní, "Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ́kọ́ tọ́jú ibà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló mọ̀ pé kì í ṣe ibà?"

Mo lanu láti sọ òtítọ́. Màmá ti ṣáájú mi. "Ọmọ mi ló ka ìwé yín fún mi," ni wọ́n wí, "ó sì gbé mi wá."

Mo wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn bò mí lójú àlejò ni, pé tó bá ku àwa méjì, a ó sọ̀rọ̀ náà. Wọn ò sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ tún wá, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wọn, ọmọ mi ló kàwé fún mi. Mo ń gbọ́, ó ń gún mi.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n fa epo náà jáde. Funfun ti bo ẹyinjú nígbà náà bí dókítà ṣe sọ, wọ́n sì mú òun náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi awò kékeré tuntun sínú ojú náà. Ó kìlọ̀ fún wa pé awọ náà lè tún ṣí tí epo tó ń dì í mú bá ti kúrò. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó mí dáadáa nínú ilé mi. Awọ náà dúró. Ìríran wọn ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Apá ọ̀tún ṣì ṣókùnkùn díẹ̀, gíláàsì wọn nípọn, wọn ò sì lè ka ìlà lẹ́tà tó kéré jù lára ògiri dókítà. Ṣùgbọ́n wọ́n kà á láti òkè, wọn ò fo ìlà, wọ́n sì dúró níbi tí kò ti hàn sí wọn mọ́, wọ́n ní, "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n mọ nìyẹn." Dókítà pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́ nítorí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú.

Wọ́n padà sí Oǹdó. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo yà kí wọn, kókó tún wà níta, òórùn rẹ̀ tún lẹ̀ mọ́ mi lára. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú bírò pupa mìíràn nínú dúrọ́ọ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ti gbẹ. Nínú dúrọ́ọ̀ náà ni mo ti rí ìwé tí mo fa ìlà sí ní Ọ̀bà-Ilé. Mo ṣí i. Àmì tèmi kún inú rẹ̀, àti ibi tí mo kọ ọ́ sí pé mo pẹ́. Mo dé ìlà ọjọ́ kẹsàn-án. Ó yẹ kó ṣófo láti aago mẹ́jọ lọ, nítorí ilé ìwòsàn ni a wà. Kò ṣófo. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ nǹkan síbẹ̀, lẹ́tà ńláńlá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ báyìí, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló dúró lórí ìlà: "Ó gbé ife sílẹ̀. Ó kàwé sókè, kò fo ìlà. Ó dáa."

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo kà á. Láti kíláàsì kẹrin ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ méjì yẹn, mo sì ti rò pé ọjọ́ tí mi ò bá ṣe àṣìṣe kankan ni n ó rí i gbà. Ọjọ́ tí àṣìṣe wà lọ́wọ́ mi ni wọ́n fún mi, nítorí pé mo gbà kí wọ́n tọ́ mi sọ́nà. Ní tòótọ́, ohun tí wọ́n ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, èmi ló pẹ́ kó tó yé.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n bi mí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Mo rí i, Mà."

Mo fún wọn ní bírò, mo fa àga mi súnmọ́ wọn. Ìwé ìṣirò ọmọ kan ló wà níwájú wọn, méjì méjì lórí ìlà. Mo jókòó, mo sì ń wo bí bírò pupa náà ṣe ń lọ láti apá òsì. Wọ́n yí orí díẹ̀, wọ́n sì máàkì rẹ̀ dé etí ọ̀tún.